Oníwo Mẹ́ta

Láàárín ilé mi àti ilé àgùntàn,
ìṣísẹ̀ ọgọ́rin ni. Mo ti kà á nínú yìnyín.
Ògiri tèmi, òkúta; ògiri tiwọn, páànù.
Wáífáì á jáde láti ilé ìdáná,
á dé ẹnu ọ̀nà, á forí sọ páànù,
á sì padà wálé bí ajá tí òjò pa.

Sturla ọmọ mi sọ lórí fóònù, láti Akureyri:
"Màmá, ẹ ra tuntun. Ayé ti kúrò níbẹ̀."
Mo béèrè iye. Ó dárúkọ owó.
Mo ní kò burú, tí ilẹ̀ bá mọ́.
Oṣù karùn-ún nìyẹn o,
tí ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú rárá níhìn-ín.

Mo ṣí àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn.
Rúta mẹ́ta ń sùn nínú eruku:
ọ̀kan funfun, tó ti di aláwọ̀ eyín arúgbó,
ọ̀kan tí eku ti jẹ wáyà rẹ̀,
àti ọ̀kan dúdú, oníwo mẹ́ta bí àgbò àràmàǹdà.
Ìwo kẹta ti kán. Mo fi téèpù dì í.
Èmi náà ní orúnkún kan tí mo máa ń dì.

Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀,
mo kà dé ogún.
Ó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀,
ó lajú bí ọmọ tuntun.
Mo jowú rẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ìjà.
Ti inú ilé ń pín àdírẹ́sì, àtijọ́ náà ń pín in,
fóònù mi dúró sáàárín
bí àlejò tí onílé méjì ń fà lápá.
Ọba kì í pé méjì láàfin.
Mo wọ inú rẹ̀ lọ, mo gba iṣẹ́ ìpín lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní: ìwọ, ṣe ìjòyè.
Ohun tí ti inú ilé bá sọ ni kí o sọ,
orúkọ tó ń jẹ́ ni kí o máa jẹ́,
ṣùgbọ́n ẹ má jọ gba ojú ọ̀nà kan náà.
Ó gbà. Àgbà kan ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Njáll aládùúgbò fún mi ní wáyà àádọ́rin mítà.
Ó ní òun ò rántí ibi tí òun ti rí i.
N kò bi í léèrè.
Mo tì í gba inú rọ́bà tí omi àwọn àgùntàn ń gbà
kí ó tó jò.

Aago méjì òru, fèrèsé ṣì funfun.
Mo gbé orúnkún lé ìrọ̀rí,
mo ń wo agbo mi lójú fóònù bí ọlọ́rọ̀.
Flekka ń fi ẹsẹ̀ ha koríko.
Ó dìde. Ó dùbúlẹ̀. Ó tún dìde.
Ẹsẹ̀ kan yọ.
Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni.

Kí ni wáífáì fẹ́ ṣe sí èyí?
Mo sáré. Orúnkún pariwo, mo ní kó dákẹ́.
Mo ki ọwọ́ bọ inú òkùnkùn gbígbóná,
mo wá ẹsẹ̀ kejì kàn,
mo fà nígbà tí ìyá ń rọbí, mo sinmi nígbà tó sinmi.
Ọmọ náà jábọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Kò mí.
Mo fi ṣóńṣó koríko tọ́ ọ nímú.
Ó sín.

Mo jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá mi.
Lókè òpó, oníwo mẹ́ta ń ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé.
Fóònù dún lápò mi.
Sturla ni, tí kò pè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
N kò rántí pé mo fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà.
Kò tètè sọ̀rọ̀; mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.
"Màmá," ó ní,
"ẹ wọ ẹ̀wù yín lódì."